Ta Ló Fọwọ́ Síwèé Ilẹ̀ Benguérir?



Àwọn àgbàlagbà àárín wa kò gbàgbé ọjọ́ Àìkú, 16 oṣù kìíní, 1977. Ní òwúrọ̀ ọjọ́ náà, ní nǹkan bí aago méje, bàálù kan tí wọ́n ń pè ní DC-7 bà sí pápá ọkọ̀ òfuurufú Kútọnu. Kò gba àyè lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni. Àwọn ọkùnrin tó tó bí 100 bọ́ sílẹ̀ nínú rẹ̀ pẹ̀lú ìbọn. Òyìnbó ló pọ̀ jù nínú wọn, ṣùgbọ́n aláwọ̀ dúdú wà níbẹ̀ pẹ̀lú. Wọ́n gba pápá náà, wọ́n sì dorí kọ ìlú láti lọ gba ìjọba. Ààrẹ Mathieu Kérékou sọ̀rọ̀ lórí rédíò, ó ní kí ará ìlú dìde. Àwọn ọmọ ogun wa kojú wọn. Lẹ́yìn bíi wákàtí mẹ́ta, àwọn àlejò burúkú náà sá padà sínú bàálù wọn, wọ́n bá afẹ́fẹ́ lọ. Òkú sùn ní Kútọnu lọ́jọ́ náà.

Irú ènìyàn wo ni wọ́n? Jagunjagun alágbàṣe ni wọ́n. Ẹ jẹ́ ká ṣàlàyé ọ̀rọ̀ yìí fún àwọn tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń kàwé. Gbogbo wa mọ alágbàṣe. Ó gbé ọkọ́ rẹ̀, ó wá sí oko rẹ, ó ro ó, o sanwó, ó lọ. Kò bi ọ́ léèrè ohun tí o máa gbìn. Jagunjagun alágbàṣe náà kò yàtọ̀, àfi pé ìbọn ló gbé dípò ọkọ́, ìlú onílùú ló sì ń ro. Bob Denard, ọmọ ilẹ̀ Faransé, ni olórí àwọn tó wá sí Kútọnu. Orúkọ mìíràn ló ń jẹ́ nígbà náà, Gilbert Bourgeaud.

Ọ̀pọ̀ ìgbà ni wọ́n ti sọ ìtàn ọjọ́ yẹn. Ibi tí wọ́n máa ń gbà bẹ̀rẹ̀ rẹ̀ ni ìgbà tí bàálù bà. Lójú tiwa, ìyẹn ti pẹ́ jù. Bàálù kì í hù láti inú òfuurufú. Ibì kan ló ti gbéra. Àwọn tó wà nínú rẹ̀ ti ní láti péjọ síbì kan, kí wọ́n jẹun níbẹ̀, kí wọ́n sùn níbẹ̀, kí wọ́n sì kọ́ iṣẹ́ tí wọ́n fẹ́ wá ṣe. Ta ló ni ilẹ̀ náà? Báwo ló ṣe di ibi tí irú nǹkan bẹ́ẹ̀ lè ṣẹlẹ̀?

Ìdáhùn wà nínú ìwé. Ní oṣù kejì 1977, Ìgbìmọ̀ Ààbò ti Àjọ Ìṣọ̀kan Àgbáyé rán aṣojú orílẹ̀-èdè mẹ́ta, Panama, Íńdíà àti Líbíà, wá sí Kútọnu láti wádìí. Ohun tí wọ́n rí ni pé láti Franceville ní orílẹ̀-èdè Gàbọ́ọ̀nù ni DC-7 náà ti gbéra, àti pé kí àwọn ènìyàn náà tó dé Gàbọ́ọ̀nù, orílẹ̀-èdè Mòrókò ni wọ́n ti péjọ kọ́ṣẹ́, ní ibùdó ológun òfuurufú kan tí wọ́n ń pè ní Benguérir. Ìjọba Mòrókò àti ti Gàbọ́ọ̀nù sọ pé àwọn kò mọ nǹkan kan nípa rẹ̀.

Orúkọ Benguérir yìí ni a fẹ́ kí ẹ dì mú. Nítorí kì í ṣe Mòrókò ló kọ́ ibùdó náà, kì í sì í ṣe nítorí Kútọnu ni wọ́n ṣe kọ́ ọ. Àwọn ará Amẹ́ríkà ló kọ́ ọ, nítorí Rọ́ṣíà.

Lẹ́yìn tí ogun ńlá àgbáyé kejì parí ní 1945, Amẹ́ríkà àti ìjọba Sófíẹ́ẹ̀tì, tí Rọ́ṣíà jẹ́ olórí rẹ̀, di ọ̀tá ara wọn. Àwọn méjèèjì kò bá ara wọn jà ní gbangba, ṣùgbọ́n oníkálukú ń kó bọ́ǹbù átọ́míìkì jọ. Amẹ́ríkà ní bàálù ńláńlá tí iṣẹ́ wọn kò ju pé kí wọ́n gbé bọ́ǹbù lọ sí ọ̀nà jíjìn, kí wọ́n fi pa ìlú odindi run. Èyí tó pọ̀ jù nínú wọn ni B-47. Ó ní ẹ́ńjìnnì mẹ́fà, ènìyàn mẹ́ta ló ń wà nínú rẹ̀, ó sì ń sáré gan-an. Ṣùgbọ́n ó ní àbùkù kan: kò lè ti Amẹ́ríkà fò dé Rọ́ṣíà kó sì padà sílé lórí epo kan ṣoṣo.

Ẹni tó ń gun zẹ́mijàn lójú ọ̀nà Ìgòlò mọ irú wàhálà yìí. Bí epo inú táńkì kò bá lè gbé ọ débi tí ò ń lọ, o ní láti mọ ibi tí àwọn tó ń ta kpayo gbé ìgò sí lójú ọ̀nà. Ohun tí Amẹ́ríkà ń wá nìyẹn: ibi tí bàálù ti lè sinmi, kó mu epo, kó sì wà nítòsí ọ̀tá. Wọ́n wo àwòrán ilẹ̀ ayé, ojú wọn bọ́ sí Mòrókò.

Ibí yìí ni ọ̀rọ̀ kàn wá. Mòrókò ní ọba tirẹ̀ nígbà náà, Mohammed V, ṣùgbọ́n abẹ́ Faransé ló wà, gẹ́gẹ́ bí àwa náà ṣe wà nígbà tí wọ́n ń pè wá ní Dàhòmè. Ní oṣù kejìlá 1950, Amẹ́ríkà àti Faransé fọwọ́ sí àdéhùn lórí ilẹ̀ Mòrókò. Wọn kò pe ọba. Wọn kò pe àwọn àgbẹ̀ Rehamna tó ń gbin ọkà bálì tí wọ́n sì ń da àgùntàn ní pẹ̀tẹ́lẹ̀ tó wà ní àríwá ìlú Marrakech. Àwọn méjì tí ilẹ̀ kì í ṣe tiwọn ló jókòó tì í, wọ́n pín in. Bí ẹni pé aládùúgbò rẹ àti àlejò rẹ̀ jókòó sí ìta, wọ́n ń ṣe àdéhùn lórí oko rẹ, ìwọ sì wà nínú oko náà, ò ń ro ó.

Ní 1951 iṣẹ́ bẹ̀rẹ̀. Wọ́n kọ́ ibùdó mélòó kan lẹ́ẹ̀kan náà: Nouasseur lẹ́bàá Casablanca, Sidi Slimane ní àríwá, àti Benguérir. Títì tí bàálù ń sáré lórí rẹ̀ kó tó gbéra ní Benguérir gùn ju kìlómítà mẹ́rin lọ. Ẹni tó bá fẹsẹ̀ rìn ín láti orí dé ìdí yóò lo bíi wákàtí kan. Ó nípọn, nítorí bàálù tó kún fún epo àti bọ́ǹbù wúwo gidigidi. Kí a má purọ́, àwọn ọmọ Mòrókò rí iṣẹ́ àti owó níbẹ̀. Ẹgbẹẹgbẹ̀rún wọn ló ru yanrìn, tó po kọnkéré, tó sì gba owó iṣẹ́ wọn. Ebi kì í jẹ́ kí ènìyàn béèrè ohun tí wọ́n fẹ́ fi ilé tó ń kọ́ ṣe.

Láti 1957, àwọn B-47 bẹ̀rẹ̀ sí í jókòó sórí ilẹ̀ Mòrókò pẹ̀lú bọ́ǹbù nínú wọn. Àwọn awakọ̀ wọn ń wá fún ọ̀sẹ̀ mélòó kan, wọ́n ń sùn nítòsí bàálù, wọ́n gbọ́dọ̀ lè gbéra láàárín ìṣẹ́jú 15 bí àṣẹ bá dé. Àṣẹ náà kò dé rí. Títí wọ́n fi lọ, kò sí bọ́ǹbù kankan tí wọ́n gbé láti Mòrókò lọ jù sórí Rọ́ṣíà.

Ẹnìkan lè wá sọ pé, bí wọn kò bá jù ú, ibi wo ni wọ́n wá ṣe? Ẹ fara balẹ̀.

Mòrókò gba òmìnira ní ọjọ́ 2 oṣù kẹta 1956. Ọjọ́ kẹjọ lẹ́yìn rẹ̀, 10 oṣù kẹta, B-47 mẹ́rin gbéra láti Florida ní Amẹ́ríkà, wọ́n ń bọ̀ ní Benguérir. Wọ́n ní láti gba epo nínú afẹ́fẹ́ lórí òkun Mẹditaréníà. Mẹ́ta gbà á. Ìkẹrin wọ inú ìkùukùu, a kò sì rí i mọ́ títí di òní, òun àti ènìyàn mẹ́ta tó wà nínú rẹ̀, àti àpótí méjì tí èròjà bọ́ǹbù átọ́míìkì wà nínú wọn. Orílẹ̀-èdè tó ṣẹ̀ṣẹ̀ gba òmìnira, tí ìlù ayọ̀ rẹ̀ kò tíì dákẹ́, irú ẹrù báyìí ló wà lọ́nà tó ń bọ̀ wá bá a.

Ní ọjọ́ 31 oṣù kìíní 1958, ní Sidi Slimane, àgbá B-47 kan bàjẹ́ nígbà tí wọ́n ń dánrawò, ìdí rẹ̀ wọ́lẹ̀, táńkì epo bẹ́, iná sọ. Bọ́ǹbù átọ́míìkì kan wà nínú rẹ̀. Iná náà jó fún wákàtí méje. Àwọn ọmọ ogun Amẹ́ríkà kó ẹbí wọn kúrò ní ibùdó. Bọ́ǹbù náà kò bú, Ọlọ́run ló ṣe é. Ṣùgbọ́n wọn kò kéde rẹ̀ fún àwọn ará abúlé tó wà nítòsí, tí wọ́n ń gbìn, tí wọ́n sì ń mu omi kànga wọn. Ẹni tó ni bọ́ǹbù sá. Ẹni tó ni ilẹ̀ kò mọ̀ pé ó yẹ kí òun sá.

Èyí tó kàn wá jù lọ nínú gbogbo rẹ̀, àwa tí epo jẹ́ iṣẹ́ wa, ni ọ̀rọ̀ òróró Meknès.

Ní oṣù kẹsàn-án 1959, àwọn ènìyàn ìlú Meknès bẹ̀rẹ̀ sí í ṣàìsàn kan tí ẹnikẹ́ni kò mọ̀. Ẹsẹ̀ ló kọ́kọ́ kú, lẹ́yìn náà ọwọ́. Ènìyàn á jí lówùúrọ̀, kò ní lè dìde. Bàbá, ìyá àti ọmọ nínú ilé kan ṣoṣo. Àwọn tí àìsàn náà mú tó bí 10,000. Tálákà ló pọ̀ jù nínú wọn. Àwọn dókítà wá a títí, wọ́n rí i pé inú òróró ìdáná ló wà. Nígbà tí wọ́n tọ òróró náà dé orísun rẹ̀, ibùdó àwọn bàálù ajubọ́ǹbù ní Nouasseur ló gbé wọn dé. Ibùdó náà ta òróró tí wọ́n fi ń yọ̀ ẹ́ńjìnnì bàálù gẹ́gẹ́ bí ẹrù tí wọn kò nílò mọ́. Àwọn oníṣòwò rà á ní ọ̀pọ̀, wọ́n dà á pọ̀ mọ́ òróró tí a ń jẹ, wọ́n rọ ọ́ sínú ìgò, wọ́n tà á ní ọ̀pọ́ fún àwọn tí kò lówó. Kẹ́míkà kan wà nínú òróró ẹ́ńjìnnì yẹn tó ń pa iṣan ara. Àwọn oníṣòwò náà dé ilé ẹjọ́. Ọ̀pọ̀ nínú àwọn tó jẹ ẹ́ kò rìn dáadáa mọ́ títí ayé wọn.

Ẹ̀yin ìyá tó ń fún epo ní Lagbé, ẹ mọ ohun tó ń jẹ́ àbùlà. Ẹ mọ̀ ọ́n ní ojú, ní imú àti ní ahọ́n. Ṣùgbọ́n kí ni ẹnu ìyá Meknès lè mọ̀ nínú òróró bàálù tí kò tíì tọ́ wò rí? Àwọn oníṣòwò ní ẹ̀bi, a kò ní bo ẹ̀bi wọn mọ́lẹ̀. A kàn ń sọ pé bí kò bá sí ibùdó, òróró yẹn kò ní sí lọ́jà. Bàálù tó wá nítorí Rọ́ṣíà kò pa ará Rọ́ṣíà kankan. Ará Meknès ló sọ di arọ.

Oṣù mẹ́ta lẹ́yìn náà, ní oṣù kejìlá 1959, Ààrẹ Eisenhower ti Amẹ́ríkà wá sí Casablanca. Òun àti ọba Mohammed V fohùn ṣọ̀kan pé kí àwọn ọmọ ogun Amẹ́ríkà kúrò kí ọdún 1963 tó parí. Ìyìn tọ́ sí àwọn ará Mòrókò tó ń pariwo láti 1956 pé kí àlejò lọ. Wọ́n sì lọ lóòótọ́ ní 1963. Nígbà yẹn, Amẹ́ríkà ti ní bàálù mìíràn tó ń lọ jìnnà jù ú lọ, ó sì ti ní ọ̀kọ̀ oníná tó ń fò láìsí awakọ̀. Ilẹ̀ Mòrókò kò fi bẹ́ẹ̀ wúlò fún un mọ́. Ó rọrùn láti dá ohun tí o kò nílò padà.

Nouasseur di pápá ọkọ̀ òfuurufú Casablanca, tí àwọn tó ń lọ sí Mẹ́kà tàbí sí Yúróòpù láti ilẹ̀ wa máa ń gbà kọjá. Ìyẹn dára. Benguérir ńkọ́? Títì kìlómítà mẹ́rin kì í kú nígbà tí ẹni tó tẹ́ ẹ bá lọ. Ó wà níbẹ̀ nínú pẹ̀tẹ́lẹ̀, ó jìnnà sí ojú ọ̀pọ̀ ènìyàn, ó sì ní odi yíká. Ibi tó dára fún ohun tí ẹnikẹ́ni kò gbọ́dọ̀ rí ni. Ọdún 14 lẹ́yìn tí B-47 ti lọ, àwọn alágbàṣe Denard dé ibẹ̀. Láti ibẹ̀ ni wọ́n ti bọ́ sí Franceville, láti Franceville sí orí wa.

Àwọn tó tẹ́ ọ̀dà yẹn ní 1951 kò gbọ́ orúkọ Kútọnu rí, bóyá. Wọn kò rò wá sí rere, wọn kò sì rò wá sí búburú. Ìyẹn gan-an ló ń bà wá lẹ́rù.

Kí ló wá tú àwọn alágbàṣe náà fó? Ìwé ni. Nígbà tí wọ́n ń sá lọ, wọ́n gbàgbé àpótí kan sí pápá ọkọ̀ òfuurufú Kútọnu, wọ́n sì gbàgbé ọ̀kan nínú àwọn ènìyàn wọn, ọmọ ilẹ̀ Gínì kan. Inú àpótí náà kún fún ìwé: orúkọ, ètò iṣẹ́, ìṣirò owó. Àwọn tó mọ̀wé kà á, wọ́n sì so ọ̀rọ̀ inú rẹ̀ pọ̀ mọ́ ohun tí ọmọ Gínì náà sọ. Láti ara rẹ̀ ni Ìgbìmọ̀ Ààbò fi dá ìkọlù náà lẹ́bi ní ọjọ́ 14 oṣù kẹrin 1977. Bí kò bá sí ẹni tó lè kà á, àpótí yẹn ì bá di ibi tí ẹnìkan ń kó àlùbọ́sà sí.

Nǹkan mìíràn wà tó yẹ kí a mẹ́nu bà, kódà bó bá ń pani lẹ́rìn-ín. Ní oṣù keje 1977 kan náà, àwọn olórí ilẹ̀ Áfíríkà péjọ, wọ́n fọwọ́ sí àdéhùn láti fòpin sí iṣẹ́ jagunjagun alágbàṣe. Ẹ mọ ìlú tí wọ́n ti fọwọ́ sí i? Libreville, olú ìlú Gàbọ́ọ̀nù. Ọdún tó tẹ̀ lé e, 1978, ìjà ẹnu láàárín Kérékou àti Ààrẹ Bongo le débi pé Gàbọ́ọ̀nù lé ẹgbẹẹgbẹ̀rún ọmọ Bẹ̀nẹ̀ jáde. Oníṣòwò, tíṣà, télọ̀, wọ́n fi ṣọ́ọ̀bù àti ẹrù sílẹ̀. Ìyẹn náà wà nínú owó tí ará ìlú san. Ní ti Denard, ilé ẹjọ́ Faransé dá a lẹ́jọ́ ní 1993 nítorí ọ̀rọ̀ Kútọnu: ẹ̀wọ̀n ọdún márùn-ún tí wọ́n so rọ̀.

Kí ẹnikẹ́ni má rò pé ọ̀rọ̀ àtijọ́ nìkan ni à ń sọ. Ní Agadez, ní Nìjẹ̀r tó bá wa pààlà, Amẹ́ríkà kọ́ ibùdó kan sínú aṣálẹ̀ fún bàálù tí kò ní awakọ̀. Ní oṣù kẹjọ 2024 ó fà á lé àwọn ọmọ ogun Nìjẹ̀r lọ́wọ́, ó lọ. Ní 2025, Faransé kó ẹrù rẹ̀ kúrò ní Ṣáàdì ní oṣù kìíní, ní Abidjan ní oṣù kejì, ní Dakar ní oṣù keje. Ọ̀pọ̀ ọ̀dọ́ jó nítorí rẹ̀. A kò bá wọn jà. Àlejò tó bá pẹ́ jù, kó máa lọ ilé rẹ̀.

Ṣùgbọ́n lẹ́yìn ijó, àwọn ìbéèrè kan wà tí a kì í gbọ́ lórí rédíò. Ìwé tí wọ́n fọwọ́ sí nígbà tí àlejò dé, níbo ló wà? Èdè wo ni wọ́n fi kọ ọ́? Kí ni wọ́n rì mọ́ ilẹ̀, kí ni wọ́n dà sínú omi, ta ló sì ra ẹrù tí wọn kò kó lọ? Títì tí wọ́n fi sílẹ̀, kọ́kọ́rọ́ rẹ̀ wà lọ́wọ́ ta lónìí? Orílẹ̀-èdè tiwa náà kò gbọdọ̀ gbọ́ ìbéèrè wọ̀nyí gẹ́gẹ́ bí èébú. Láyé ìjọba ológun wa, títí di ìpàdé gbogbogbò ti oṣù kejì 1990, ẹni tó bá béèrè irú rẹ̀ lè jẹ̀bi ọ̀tẹ̀. Ìyẹn ti kọjá. Ìjọba kì í bẹ̀rù ìbéèrè bí ìwé ọwọ́ rẹ̀ bá mọ́.

Benguérir ṣì wà. Láti 1988 dé 2002, Amẹ́ríkà tún padà sí ìdí títì náà, wọ́n fi pa mọ́ fún ọkọ̀ wọn tó ń lọ sí ojú sánmà, pé bí ewu bá dé kó lè bà síbẹ̀. Kò sí èyí tó bà síbẹ̀ rí. Lónìí, bàálù ogun Mòrókò ló ń lò ó, yunifásítì ńlá kan sì wà nínú ìlú náà, tí àwọn ọmọ Áfíríkà láti oríṣìíríṣìí orílẹ̀-èdè ń kàwé níbẹ̀.

Iṣẹ́ tí a fẹ́ bẹ gbogbo kíláàsì ìmọ̀ọ́kọ-mọ̀ọ́kà ní Lagbé, Daagbé, Banigbé, Tchaada, Ko-Koumolou àti Ifangni nìyí. Ẹ wá àgbàlagbà kan lọ, èyí tó ti gbọ́njú ní 1977. Ẹ bi í léèrè ibi tó wà lówùúrọ̀ ọjọ́ Àìkú yẹn, ta ló ní rédíò ládùúgbò, kí ló gbọ́, kí ló ṣe. Ẹ kọ ọ́ sílẹ̀ ní èdè wa bó ṣe sọ ọ́ gan-an, ẹ má tún un ṣe. Ẹ kọ ọjọ́ tí ẹ gbà á sílẹ̀ sí ìsàlẹ̀ rẹ̀. Kíláàsì kọ̀ọ̀kan kó ìwé rẹ̀ jọ sínú àpótí kan, kí ẹni tó ń kọ́ wọn sì tọ́jú rẹ̀. Àwọn tó gbọ́ rédíò ọjọ́ náà kò pọ̀ mọ́.